Ìgò Omi Kan Kò Lè Jẹ́rìí fún Odò

Bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀ lórí odò kan lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn ará abúlé ní omi ẹ̀gẹ́ tó ń ti ibùdó gàrí wọ odò ló ń pa ẹja, tí oníbùdó gàrí ní ọwọ́ òun mọ́, àyẹ̀wò ni gbogbo èèyàn máa ń dúró dè. Bí ẹni tó wá ṣe é bá bẹ̀rẹ̀ létí odò, tó bu omi sínú ìgò kan ṣoṣo, tí èsì sì ní omi dára, a jẹ́ pé ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Àwa kò fara mọ́ irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. A fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ̀ ọ́.

Ẹ da mílíìkì díẹ̀ sínú ògì bàbà gbígbóná, kí ẹ fi ṣíbí rò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Mílíìkì náà kò ní tàn káàkiri lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ló máa fà bí òwú, òwú á ká lé ara rẹ̀, á tún fà. Ẹni tó bá ki ṣíbí bọ ojú ibi funfun á ní mílíìkì ti pọ̀ jù. Ẹni tó ki tirẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ á búra pé kò sí mílíìkì rárá.

Bí odò ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Lọ́dún 1984, Hassan Aref, onímọ̀ ìṣàn omi tí wọ́n bí ní Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, fi hàn pé kò dìgbà tí omi bá ń ru gùdù kí ọ̀nà ohun tó ń gbé lọ tó dàrú. Bí ìṣàn bá ṣáà ti ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ìyẹn nìkan lè tó. Ewé méjì tó bọ́ sómi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè pínyà kí wọ́n tó rìn jìnnà. Ẹ lọ dúró lórí afárá èyíkéyìí lásìkò òjò, kí ẹ wo ẹ̀yìn òpó rẹ̀: ewé kan á kọjá wéré, ìkejì á há síbẹ̀, á máa pòyì.

Omi ẹ̀gẹ́ tún wá le ju ti ewé lọ, nítorí ó ń yí padà lójú ọ̀nà. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin wà nínú ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá rin ín tí wọ́n fún un, èròjà yìí á máa já, á sì di sáyánáìdì, tó ń pa ẹja. Díẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ á kù sómi. Ibi tí omi bá ti ń yípo, tó há nǹkan mọ́lẹ̀ pẹ́, ni irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ti ń ráyè ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bu omi láàárín odò tó ń sáré lè má bá a pàdé. Ẹja tó sá sẹ́yìn òpó ló máa bá a.

A kò ní kí wọ́n ti ibùdó gàrí kankan pa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló fi owó gàrí kàwé nílùú yìí, ìgò kan ṣoṣo náà sì lè dá ìyá wọn lẹ́bi láìṣẹ̀, bó bá ṣèèṣì bọ́ sójú òwú ẹ̀gbin tó ń kọjá lọ.

Kí wọ́n jù ọsàn sómi níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ti ń wọ odò. Ọsàn máa ń léfòó tó jẹ́ pé orí rẹ̀ díẹ̀ ló ń yọ, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ tì í kiri. Àwọn tó ń wọn ìṣàn odò ti ń lò ó tipẹ́. Kí wọ́n tẹ̀ lé e, kí wọ́n bu omi níbi tó bá ti há àti níbi tó bá ti kọjá, lọ́jọ́ tí wọ́n fún ẹ̀gẹ́ àti lọ́jọ́ tí wọn kò fún un, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Yunifásítì LAUTECH wà láàárín ìlú wa níbí. Ẹ fi iṣẹ́ náà lé àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ san owó rẹ̀. Èsì tí kò bá sọ ibi tí wọ́n ti bu omi, wákàtí tí wọ́n bù ú, àti iye ìgò tó jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á wọlé níbi ìgbẹ́jọ́.