Ẹ Má Pè Mí Ní Àlejò Mọ́

Ní òwúrọ̀ àná, kí n tó bọ́jú, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ìpàdé inú ilé kan tí ìjọ kan ń ṣe, tí mo ti fi sílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn: wọ́n kí mi kú àárọ̀, wọ́n pè mí ní "àlejò wa ọ̀wọ́n", wọ́n sì ní àwọn ń retí mi lọ́jọ́ Àìkú ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Inú bí mi ju bó ti yẹ lọ, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó nínú pálọ̀ wọn, tí mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ onílé, tí mo mọ èwo nínú àwọn àga ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Síbẹ̀, àlejò ni mo wọlé, àlejò ni mo jáde, àlejò náà ni mo sì jẹ́ nínú ìwé wọn títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí. Wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò kọrin káàbọ̀, wọn yóò ní kí ẹ dìde dárúkọ ara yín àti ẹni tó pè yín wá, lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù yóò dé. Tèmi béèrè àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù méjì, bóyá mo ti di àtúnbí, àti ọjọ́ tí wọ́n lè wá kí mi nílé. Orí itan mi ni mo ti kọ ọ́, nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ, obìnrin kan sì ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ tàn mí. Bí mo ṣe dá a padà ni olórí ìpàdé ṣí ìwé ìjábọ̀ tí yóò lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀ àgbà, ó sì kọ 1 sí iwájú ibi tí wọ́n kọ "ẹni tuntun" sí. Mo rí i kòrókòró. Ó kọ ọ́ kí ó tó wo orúkọ mi.

Wọn kò hùwà burúkú sí mi rárá, ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti ṣàlàyé nìyẹn. Àga tí tìmùtìmù rẹ̀ kò tíì ya ni wọ́n máa ń fún mi. Bí ìpàdé bá parí, tí wọ́n ń kó àga oníke tí wọ́n yá padà fún aládùúgbò, tí mo bá nawọ́ sí ọ̀kan, wọn á ní, "Rárá o, sà, ẹ jókòó, a ò lè jẹ́ kí àlejò gbé àga." Bí wọ́n bá fẹ́ dáwó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọn á ti lọ sọ ọ́ kí n má baà gbọ́. Ní ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìpè mẹ́ta ni mo gbà, "a ò rí yín nípàdé" sì ni ọ̀rọ̀ àkọ́sọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí mo jẹ.

Ọmọ Yorùbá ni wá, a mọ ohun tí àlejò jẹ́. Àlejò ni ẹni tí a ń bu omi fún, tí a ń gbé àga dídára fún, tí a sì ń pa ọ̀rọ̀ ilé mọ́ fún títí yóò fi lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá rán ọ ní kó o lọ mú iyọ̀ wá láti ilé ìdáná ni o tó mọ̀ pé o ti di ọmọ ilé. Ẹni tí a bá ń ṣe lálejò láìdáwọ́dúró, ẹnu ọ̀nà la fi í sí, bó ti wù kí àga náà rọ̀ tó.

Bẹ́ẹ̀, inú ilé ni ẹ̀sìn Kristẹni yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Kọ́ríńtì, ọ̀dọ̀ Àkúílà àti Pírísíkílà ló wọ̀ sí, àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ítálì dé nítorí pé ọba Kíláúdíù lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù ni. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 18 kò sọ pé wọ́n kọrin fún un. Ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ àgọ́ ni wọ́n jọ ń ṣe, ó ń bá wọn gbé, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Tọkọtaya yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù kí nígbà tó yá, pẹ̀lú ìjọ tó wà nínú ilé wọn. Ní Dura-Europos ní ilẹ̀ Síríà, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ilé tí wọ́n sọ di ilé ìjọsìn ní nǹkan bí ọdún 240, ògiri àárín yàrá méjì ni wọ́n wó kí ààyè lè gba nǹkan bí ènìyàn 70. Nílé wa níbí pàápàá, inú ilé kan ní Ebute-Metta ni Josiah Akindayomi ti bẹ̀rẹ̀ Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ní 1952, èyí tó di ìjọ Ìràpadà (Redeemed). Akẹ́kọ̀ọ́ 15 ló sì wá ka Bíbélì ní ilé W. F. Kumuyi ní Yunifásítì Èkó ní 1973, kí ó tó di Deeper Life. Ní tèmi, níbi tí ènìyàn kò bá ti ju 15 lọ, ta ni yóò ráyè jókòó ṣe àlejò?

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé láìsí fọ́ọ̀mù, ènìyàn yóò sọnù. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Ìpàdé tí mo ń lọ báyìí, inú yàrá ìyá kan tó ń ta epo pupa la ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìyá náà wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ tó ga yìí, bá mi gbé omi yẹn wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀." Kẹ́ẹ̀gì méjì ni. Omi dà sí mi ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo sì fi ṣòkòtò tútù náà jókòó lórí bẹ́ńṣì títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń bá mi wí nítorí pé mo pẹ́ dé. Nígbà tí mo pa ìpàdé kan jẹ, ọmọ kan kanlẹ̀kùn mi pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú kúlà, ó ní ìyá ní òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé kúlà òun padà wá, àfi èmi fúnra mi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo kiri láti ìgbà náà pé kí a yéé kọrin fún ènìyàn, kí a máa fún un níṣẹ́ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan yọjú sí wa, ó wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Èmi ni mo yára bá a sọ̀rọ̀, inú mi sì ń dùn sí ara mi bí mo ṣe ní, "Àbúrò, bá mi di ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ńṣì yìí mú." Ó dì í mú. Eruku pupa bà á ní àyà, ó rọra gbọ̀n ọ́n nù, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó bá wa ṣe àmín títí dé òpin, ó sì lọ. Kò padà wá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìyá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni orúkọ ọmọkùnrin tí mo fún ní bẹ́ńṣì gbé, kí òun lè rán ènìyàn lọ wò ó.

N kò béèrè orúkọ rẹ̀. Kò sì sí fọ́ọ̀mù kankan tí a lè yẹ̀ wò.