Ọjọ́ Tó O Bá Ṣàìsàn, Owó Ẹ Ti Lọ Nìyẹn

Ṣé ibà máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ máníjà kó tó wọ ara èèyàn ni? Mo fẹ́ mọ̀. Nítorí tí orí bá ń fọ́ ọ̀gá, orí fífọ́ ni. Gbogbo ọ́fíìsì á máa rọra sọ̀rọ̀, dírẹ́bà á ti wà nínú mọ́tò, ọ̀gá á lọ jókòó sílé títí ara á fi mókun, owó oṣù rẹ̀ ò sì ní dín kọ́bọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ àwa tá à ń di ọjà sínú páálí lorí ń fọ́, ó ti di ìwà ọ̀lẹ nìyẹn. Ó ti di "Ẹ̀yin obìnrin yìí náà, ẹjọ́ yín ti pọ̀ jù. Ṣé ìwọ nìkan ni ibà ń ṣe ní gbogbo Èkó ni?"

Ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Ọ̀rẹ́gún ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo ṣì ní ọmọ tí mò ń bọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà ní Ìkẹjà, ní Ìlúpéjú tàbí ní Ìsọlọ̀, ẹ mọ irú ẹ̀ dáadáa. Yúnífọ́ọ̀mù wọn lo máa wọ̀, ẹ̀rọ wọn lo máa lò, súpáfáísọ̀ wọn ló máa pariwo mọ́ ẹ látàárọ̀ dalẹ́. Tí ọ̀rọ̀ owó bá wá dé, wọ́n á ní ìwọ kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, òṣìṣẹ́ kọ́ńtírákítọ̀ ni ẹ́, lọ bá kọ́ńtírákítọ̀. O dé ọ̀dọ̀ kọ́ńtírákítọ̀, òun náà á ní iye ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kọ ránṣẹ́ sóun lòun ń san. Ọjọ́ tó o bá wá, wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ tó ò bá wá, kò sówó. Tó bá tún wá jẹ́ ọjọ́ Ajé lo pa jẹ, owó ọjọ́ méjì ni wọ́n máa yọ, wọ́n ní òde àríyá lo lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ tó ò fi lè dìde. Pé ibà lè mú èèyàn lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìyẹn ò wọ inú ìrònú wọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí láti ọdún 2024 ni N70,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò pé N2,700 lójúmọ́. (Ká ní wọ́n ń san án pé ni mo sọ yẹn o. Kọ́ńtírákítọ̀ ti mú tiẹ̀ níbẹ̀ kó tó kàn wá.) Inú ẹ̀ ni owó mọ́tò láti Kétu wà, inú ẹ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán wà, inú ẹ̀ náà ni oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ wà. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, ẹ̀yin náà mọ iye tí kọ́ńdọ́ ń pè. Ọjọ́ kan tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, gbèsè ni mo jẹ. Owó ọjọ́ yẹn ò wọlé, owó oògùn sì gbọ́dọ̀ jáde. Àìsàn kan, ìyà méjì.

Ẹ wo ibà lásán tá à ń pè ní àìsàn kékeré. Oògùn tí àwọn dókítà ń kọ fún un nísinsìnyí, èyí tó ní artemether àti lumefantrine nínú, ọjọ́ mẹ́ta ló yẹ kéèyàn fi lò ó, láàárọ̀ àti lálẹ́, ìgbà mẹ́fà gbáko. Wọ́n sì ní kéèyàn jẹun tó ní ọ̀rá sí i kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó dáa. Ta ló fẹ́ dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú wa? Ta ló fẹ́ se ọbẹ̀ ọlọ́ràá? Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ara á fúyẹ́ díẹ̀, á dìde, á wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ìyókù á wọ inú àpò ìfàlọ́wọ́, ó di ìgbà tí tọmọ bá dé. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lo oògùn. Ẹ má wá wàásù fún wa. Ọ̀dọ̀ máníjà ni kẹ́ ẹ gbé ìwàásù yẹn lọ.

Èyí tí owó oògùn yẹn bá wá kọjá agbára ẹ̀, kẹ́míìsì ló ń lọ, á ní kí wọ́n bá òun po nǹkan pọ̀: parasẹ́támọ̀ méjì, pupa kan, olómi ọsàn kan, kóró funfun wẹ́wẹ́ kan tí ẹni tó ń tà á gan-an ò mọ orúkọ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré. Tàbí kó lọ sọ́dọ̀ alágbo. Ní aago márùn-ún ìdájí ní Òjótà, alágbo ti gbé igbá ẹ̀ kalẹ̀: àgbo ibà, àgbo jẹ̀dí, èyí tí wọ́n fi ọtí ṣe, èyí tí wọ́n fi omi ṣe. Ẹ wo àwọn tó yí i ká. Bíríkìlà ni, alábàárù ni, ẹni tó ń lọ ja ẹrù ní Apápá ni, gbogbo ara ń ro wọ́n, wọ́n sì gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́ kí géètì tó tì. Mi ò ní bú alágbo o. Òun nìkan ló ń dá èèyàn lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́ láìbéèrè káàdì.

Ti àpólò ló pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ gbé e wọ láìnì wa. Ojú ẹ̀ pọ́n, ó ń ṣepin, omi ń dà níbẹ̀ pòròpòrò. A ní kó máa lọ sílé. Ó ní ta ló máa bá òun san owó ilé ìwé ọmọ òun. Gbogbo wa dákẹ́. Súpáfáísọ̀ wá dá ọgbọ́n tiẹ̀: kó lọ wá jígí dúdú fi sójú kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo láìnì ti wọ jígí dúdú, bí ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ náwó fún akọrin lóde ìnáwó. Súpáfáísọ̀ náà wọ tiẹ̀! Páálí tí a dì láìrí ọwọ́ ara wa nígbà yẹn, tí àwọn oníbàárà dá padà, owó tó bá a lọ ju èyí tí wọn ì bá fi sanwó fún ẹni àkọ́kọ́ yẹn kó lọ dúró sílé lọ fíìfíì. Wọn ò ṣe ìṣirò yẹn. Owó tiwa nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣírò.

Ìjọba gan-an máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ rántí 2020. Oṣù Kejì ọdún yẹn ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní Kòrónà nílẹ̀ yìí, Èkó níbí sì ni. Rédíò ò sinmi: bó o bá ń wúkọ́, jókòó sílé. Ní 2024 tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, ní Etí-Ọ̀sà, ní Ìkòròdú àti ní Kòsọ́fẹ́ tiwa níbí, wọ́n tún ní kí ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu sáré lọ sí ọsibítù. Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ mi ò gbọ́ kí rédíò fi kún un pé ilé iṣẹ́ tó bá yọ owó ẹni tó jókòó sílé, a máa gbé e lọ sí kóòtù. Àwa ni wọ́n ń gbà nímọ̀ràn. Ẹni tó ń sanwó fún wa, wọn ò gbà á nímọ̀ràn kankan.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà o! Òun ló ń bí mi nínú jù. Láti ayé ìjọba Gowon ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí ti wà. Abala 16 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn bá dá dúró fún ìgbà díẹ̀, tí dókítà tó ní ìwé àṣẹ bá ti jẹ́rìí sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan. Ọjọ́ 12! Látìgbà tí mo ti jáde girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́ kiri nílùú yìí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ létí mi rí. Arákùnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níbòmíì ló fi hàn mí lórí fóònù ẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, àfi bí ìbínú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi. Owó tá a ti sọ nù! Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní tiwọn, ìwé ìlànà wọn ti 2008, èyí tí wọ́n ti fi tuntun rọ́pò báyìí, ti fún ẹni tí wọn ò dá dúró sí ọsibítù ní ọjọ́ àìsàn tó tó 42 lọ́dún. Mi ò ṣe ìlara wọn. Ara wọn kì í kàn ṣe irin, tiwa náà kì í ṣe irin.

Ẹ wá wo òkúta tó wà lójú ọ̀nà ọjọ́ 12 yẹn. Dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Kí n tó rí dókítà ní ọsibítù ìjọba, màá ti débẹ̀ ní ìdájí, màá gba káàdì, màá jókòó, màá lọ sanwó, màá tún jókòó, màá lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, màá tún jókòó. Ilẹ̀ ti ṣú. Owó ọjọ́ yẹn ti lọ. Mo wá mú ìwé dé ibi iṣẹ́, súpáfáísọ̀ gbé e sókè sójú iná, ó ní, "Ṣé o rò pé mi ò mọ Olúwọlé ni?" Àwọn tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. Ìwé tí mo fi gbogbo ọjọ́ wá ló pè ní ayédèrú tí wọ́n ń ṣe ní Olúwọlé yẹn.

Abala 7 òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní àdéhùn iṣẹ́ lórí ìwé kí oṣù mẹ́ta tó pé, kó sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i tó bá ṣàìsàn síbẹ̀. Ẹ lọ bi láìnì wa léèrè ta ló ní in. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ wa wà ni ìwé àjákọ tí kọ́ńtírákítọ̀ ń fi bírò kọ, tó ń gbé lọ sílé lálẹ́. Bó bá fẹ́, á fa igi lé e.

Ìtanràn ńkọ́? Òfin kọ ọ́ síbẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ tó bá rú u: kò gbọdọ̀ ju N800 lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Tó bá tún ṣe é, N1,500. Mi ò gbàgbé òdo kankan. Ẹgbẹ̀rin náírà! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó gidi nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ lónìí, ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rin náírà kí n lọ ra búrẹ́dì ńlá kan, kẹ́ ẹ wo bí oníbúrẹ́dì ṣe máa wò mí. Ìyẹn ló fẹ́ fi dẹ́rù ba ẹni tó ní ilé iṣẹ́?

Nítorí náà, wọn ò bẹ̀rù. Àdúrà ni wọ́n ń gbà fún wa. Ní àárọ̀ Ajé, ká tó bẹ̀rẹ̀, máníjà á ní ẹ̀mí àìsàn ò ní wọ inú ọgbà yìí, àwa Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì á jọ ṣe àmín lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ "Ìlera loògùn ọrọ̀" sí. Lẹ́yìn àmín, á mú bébà jáde, á ka orúkọ àwọn tí owó wọn dín lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Níta géètì, àwọn míì ti ń dúró láti aago mẹ́fà. Wọn ò níṣẹ́, wọ́n ń retí pé kẹ́nì kan má wá. Mi ò lè bínú sí wọn, bí èmi náà ṣe wọlé nìyẹn. Àwọn ni súpáfáísọ̀ ń nà ní ìka sí wa tí a bá ti ní ara ò yá: "Àwọn èèyàn pọ̀ ní géètì o."

Àwọn kan á ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀ ní Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba Èkó, wọ́n á ní òfin 2022 ti sọ ìbánigbófò ìlera di dandan. Mo gbọ́. Ìyẹn á bá mi san owó ọsibítù, kò ní san owó ọjọ́ tí mo lò lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn mìíràn á ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀ kí n máa tajà ara mi. Ẹ lọ bi aláta Mile 12 ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí apẹ̀rẹ̀ ata ẹ̀ nígbà tí táífọ́ọ̀dù bá dá a dùbúlẹ̀.

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún àánú. Ọjọ́ 12 wa ni mò ń béèrè, èyí tó ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin tí ìjọba ń rán láti wá ṣàyẹ̀wò àwọn ilé iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ lẹ́tà ṣáájú mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti kọ lẹ́tà, wọ́n á kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á gbé ọṣẹ tuntun síbẹ̀, wọ́n á sì ní kí àwa ti kọ́ńtírákítọ̀ lọ dúró lódìkejì títì títí ẹ ó fi lọ. Àwọn tẹ́ ẹ bá nínú, tí wọ́n ń sọ fún yín pé kò sí wàhálà, àwọn ló ní ìwé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ dúró sí géètì, kẹ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń wúkọ́ wọlé pé kí ló dé tí kò dúró sílé.