"-ed" Kì Í Dún "Ẹ́ẹ̀dì" ní Gbogbo Ìgbà

Bí wọ́n bá ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì sókè ní kíláàsì l'Ákùúrẹ́, ẹ ó gbọ́ "wọ́ọ̀kẹ́ẹ̀dì", "kúkẹ́ẹ̀dì", "wọ́ṣẹ́ẹ̀dì". Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé ká lẹ "ed" mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi hàn pé nǹkan náà ti kọjá, ká sì pè é bá a ṣe kọ ọ́. Ti kíkọ sún mọ́ òótọ́. Ti pípè, rárá.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá parí sí ìró t tàbí d nìkan ni "-ed" máa ń ní sílébù tirẹ̀: wanted, needed. Nínú àwọn yòókù, kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló jẹ́. Sílébù kan ni cook, kan náà ni cooked. Ẹ gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n: ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó wálẹ̀ fún cooked, ẹ̀ẹ̀mejì fún wanted.

T ni àbí d? Ẹ fi ìka méjì kan gògóńgò, kẹ́ ẹ pe ìró tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ìró ni mo wí o, kì í ṣe lẹ́tà. Laugh parí sí gh lójú ìwé, f ló ń dún. Bí gògóńgò ò bá gbọ̀n, bíi ti k, f, s, sh, ch àti p àwọn òyìnbó (kì í ṣe p inú "pápá" tiwa), t ni "-ed" máa dún: walked, laughed, washed. Bó bá gbọ̀n, d ni: called, robbed, played.

Ẹ̀bi ahọ́n wa kọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí k tàbí t, ìdí nìyẹn tí bread fi di búrẹ́dì lẹ́nu wa. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀: bí fáwẹ́lì bá tẹ̀ lé e, ẹ gbé t náà lé e lórí. "We walked along Ọba Adésidà Road" á di "wọ́ọ̀k-talọ́ǹ". Ó rọrùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Wicked àti naked ní sílébù méjì, àmọ́ ọ̀rọ̀-àpèjúwe nìyẹn. Blessed pàápàá lè jẹ́ méjì bó bá ń ṣàpèjúwe nǹkan, torí náà ẹ má bá àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì jà.

Ní ti kíkọ, stop di stopped, study di studied, àmọ́ play di played torí fáwẹ́lì ló ṣíwájú y. Visit kì í ní t méjì nínú visited, torí iwájú ni ohùn ti wúwo. Admit ní méjì nínú admitted, torí ẹ̀yìn ni tiẹ̀ ti wúwo.

Èyí tó burú jù ni "I did not cooked". Did ti gbé àsìkò tó kọjá dání, kò sí iṣẹ́ kankan tó kù fún "-ed". Ibí gan-an ló yẹ kí Yorùbá gbà wá: "mo sè é", "n kò sè é", "ṣé o sè é?", sè kò yí padà. Bí did bá ti wọlé, ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: "I did not cook", "Did you cook?"