Àárọ̀ la ti ń wá oorun alẹ́

Kí ẹnìkan ṣáà ti sọ pé òun ò rí oorun sùn, gbogbo èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í júwe ohun mímu fún un. Mílíìkì gbígbóná. Tíì chamomile. Oyin nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. N ò ní kí ẹ má mu wọ́n o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ là ń wò. Aago tí ẹ ń jí láàárọ̀ lágbára lórí oorun yín ju ohunkóhun tí ẹ lè mu lálẹ́ lọ.

Ìdí rèé. Láti ìgbà tí a bá ti lajú ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kó jọ nínú ọpọlọ. Bí a bá ṣe pẹ́ lójúfò tó ló ṣe ń pọ̀ tó, òun ló sì ń jẹ́ kí oorun máa kùn wá. Ẹni tó jí ní aago 6 àárọ̀ á ti kó wákàtí 16 jọ nígbà tí aago 10 alẹ́ bá lù. Ká wá ní òru Jímọ̀ ò dáa, ló bá sùn di aago 10 àárọ̀ Sátidé kó lè fi dí i. Wákàtí 12 péré ló máa ní lọ́wọ́ tó bá tún dùbúlẹ̀ ní aago 10 alẹ́. Ibo ni oorun ti fẹ́ wá?

Nítorí náà, ẹ yan aago kan, kí ẹ máa jí ní aago náà lójoojúmọ́, Sátidé àti Sọ́ńdè pẹ̀lú, bó ti wù kí òru burú tó. Tí ẹ bá ti jí, ẹ bọ́ síta fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ kàn yín (ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn o). Ìmọ́lẹ̀ ìta, kódà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, lágbára gan-an ju ti iná inú ilé lọ. Òun ló ń bá ọpọlọ tún aago inú ara ṣe, kó lè mọ ìgbà tó yẹ kó tú melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, jáde lálẹ́. Àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ á le, ẹ ó máa tòògbé lọ́sàn-án. Tí apá ò bá ká a mọ́, ẹ rẹjú fún ìṣẹ́jú 20, kó tó di aago 3, kí ẹ sì yí àláàmù sí i.

Kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, ńkọ́? Kò lè pa adenosine, àyè tó yẹ kó jókòó sí nínú ọpọlọ ló ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Lára àgbàlagbà, ó máa ń gba bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò; ti ẹlòmíì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mu kọfí ńlá tó ní mílígíráàmù 200 ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ ṣì lè ní 100 lára ní aago 9 alẹ́, bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ife kan mì. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2013, mílígíráàmù 400 tí wọ́n lò ní wákàtí 6 kí wọ́n tó wọlé sùn gé ohun tó lé ní wákàtí kan kúrò nínú oorun wọn. Ọ̀sán ni kí ẹ ti ṣíwọ́. Ẹ rántí pé ó wà nínú tíì, nínú kóòkì, àti nínú àwọn oògùn orí fífọ́ kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ rárá ló kàn: tí oorun ò bá wá, ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Láti 1972 ni Richard Bootzin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ti gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀. Ẹni tó bá ń fi wákàtí méjì yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lálaalẹ́, ṣe ló ń kọ́ ara rẹ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ni ibi tí à ń ronú. Tí ẹ bá fojú bù ú pé ó ti tó ìṣẹ́jú 20 (ẹ má wo aago, ẹ kọjú ẹ̀ sógiri), ẹ lọ jókòó síbòmíì. Kí iná ibẹ̀ má mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ ka ìwé tí kò dùn jù, tàbí kí ẹ máa ká aṣọ. Fóònù kọ́, oúnjẹ kọ́, iṣẹ́ ọ́fíìsì kọ́. Ìgbà tí ìpéǹpéjú bá wúwo, tí orí ń já lọ sílẹ̀, ni kí ẹ padà. Kó rẹ̀ yín nìkan ò tó. Ó lè rẹ èèyàn tẹnutẹnu kí oorun má sì kùn ún. Tó bá tún kọ̀, ẹ tún dìde. Ibi tí èyí ti máa ń bàjẹ́ ni àga onítìmùtìmù: wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á sùn lọ fọnfọn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀dì gan-an la fẹ́ kí oorun mọ̀. Àgbàlagbà tó lè ṣubú lóru ò gbọ́dọ̀ máa rìn kiri nínú òkùnkùn o. Kó dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, kó tan iná kékeré.

Èyí tí mo fara mọ́ jù nínú ìtọ́jú alẹ́ ni omi gbígbóná, àmọ́ kì í ṣe láti mu. Ẹ fi omi tó tó ìwọ̀n 40 sí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius wẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ní wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó sùn. Ooru omi yẹn ń fa ẹ̀jẹ̀ wá sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde, inú ara á wá tutù díẹ̀. Ìtutù yẹn ni oorun ń wá. Ẹni tó wẹ̀ tán tó bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, òógùn ló máa bá jà. Tí kò bá sí àyè láti wẹ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ omi tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, kí ẹlòmíì bá a tọ́ omi náà wò.

Tó bá jẹ́ èrò ọ̀la ló ń gbé oorun lọ, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ ṣe lọ́la sílẹ̀ ní kúlẹ̀kúlẹ̀. Ọtí ní tirẹ̀ ń tètè kunni, àmọ́ ìdajì òru kejì ló ń dàrú. Oògùn ara yíyún tí àwọn kan ń lò láti fi sùn, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni ara á ti mọ́ ọn, ó sì lè da orí arúgbó rú.

Tí àìrí oorun sùn bá ti di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dúró, tó tún ń mí gùlegùle lójú oorun. Ti ẹni yìí ò gba pé kó dúró oṣù mẹ́ta. Kó mú ẹni tí wọ́n jọ ń sùn dání lọ, torí ẹni yẹn ló ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.