Igi Gọ́ńgọ́ àti Ìjà Ọmọ Ilé-Ìwé

"Igi gọ́ńgọ́ má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Bí ọmọ SS 2 bá fa abẹ yọ sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ilé-ìwé l'Ábẹ́òkúta, ohun tí gbogbo àdúgbò á máa wí ni pé ẹgbẹ́ búburú ló kó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í sábà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà, tí kò rí ẹni gbà á sílẹ̀, ló máa ń yá ẹgbẹ́ lára láti mú.

Inú kíláàsì ni kí a ti kọ́kọ́ wò. Wọ́n ń gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ, wọ́n ń gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp láti fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó wí fún olùkọ́, olùkọ́ ní kí wọ́n lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn. Ó wí nílé, bàbá bi í pé ṣé kì í ṣe ọkùnrin ni. Kò pẹ́, abẹ ti wọ àpò ìwé. Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn á ní àwọn fẹ́ fi gba ara àwọn sílẹ̀ ni.

Ẹgba náà ń dá kún un. Ọmọ tí wọ́n ń fi wáyà nà nílé ti kọ́ pé ẹni tó lágbára ló jàre. Àwọn àgbà ní ọwọ́ òsì la fi ń na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló yé ọ̀pọ̀ wa.

Oorun ńkọ́? Wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò lóru kan. Èyí tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ní ọjà Kútọ̀ títí di aago 9, tó sùn ní 11:30, tó jí ní 5, wákàtí márùn-ún àbọ̀ péré ló rí sùn. Ọ̀rọ̀ kékeré á kàn án lára bí iná. Ọjà títà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, ṣùgbọ́n kí ọmọ ti wọlé ní aago 7.

Láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-kodéìnì àti kíkó o wọ̀lú. Igbó, tramadol àti ọtí inú ọ̀rá ṣì wà. Bí owó bá ń sọnù nílé, tí ojú ọmọ ń pọ́n, tó ń sùn ní kíláàsì, tí àwọn tó jù ú lọ dáadáa sì ń wá a wá, ẹ má kọ́kọ́ nà án. Ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Arò, l'Ábẹ́òkúta níbí, tó ti wà láti 1954, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Orúkọ Arò ló ń lé àwọn òbí sá. A ti fi ṣe èébú jù nílùú yìí.

Bí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ yà wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó tó ìdajì wákàtí kí ara wọn balẹ̀ kí ẹ tó bi wọ́n léèrè. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ta ló kọ́kọ́ na èkejì?" Ẹ bi wọ́n pé, "Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀?" Kí kálukú kọ tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá pe àwọn tó wòran lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má pe òbí méjèèjì ní àkókò kan náà, torí àwọn náà lè wọ̀yá ìjà nínú ọ́fíìsì. Ilé-ìwé tó na àwọn méjèèjì lẹ́gba mẹ́fà-mẹ́fà tó sì pa fáìlì dé, ìta ló kàn sún ìjà náà lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún bi wọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ tún bi wọ́n. Kí olùkọ́ kan dúró lẹ́nu géètì fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìjáde, kí òmíràn rìn dé oríta, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń dá ìjà sí. Àwọn ọmọ JSS sábà máa ń gbọ́ nípa ìjà tó ń bọ̀ ṣáájú olùkọ́. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà olùkọ́ kan tí wọ́n lè pè, kí ẹ má sì dárúkọ ẹni tó sọ fún yín ní àsẹ́ńbílì.