Owó Tó Wọ Inú Ọbẹ̀ Kọ́ Ni Oore Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò lọ́kàn àwa tí à ń dáná fún ìdílé: pé bí owó tí a ná sórí oúnjẹ bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni oore tó máa ṣe fún ara á ṣe pọ̀ tó. Bí owó bá wá ṣọ̀wọ́n, tí èèyàn ní láti dín ẹran inú ìkòkò kù, ojú á tì í, bí ẹni pé ó ń fi ebi pa ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti gbọ́ ọ pé, “Oúnjẹ aṣaralóore? Àwọn olówó ló ni ín”? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí kì í ṣe òótọ́, àwọn tí owó wọn kò sì tó nǹkan ló ń pa lára jù.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí à ń fi owó rà. Ẹran tó rọ̀, tí kì í pẹ́ jinná, wọ́n ju èyí tó le, tó ń fẹ́ iná púpọ̀ lọ. Rírọ̀ yẹn la sanwó fún, torí purotéènì, èròjà tó ń mú ara dàgbà, tó wà nínú àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀, tí ọ̀pọ̀ ibi ti ń tà á ní pọ́ọ́kú ju ẹran ara lọ, ju ẹran ara náà lọ fíìfíì ní fítámì A, fítámì B12 àti fólétì, tí òun náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn fítámì B. Ẹja kéékèèké inú agolo tí a ń jẹ teegunteegun ń fún wa ní kálísíọ̀mù tí ẹja ńlá tí a ti yọ eegun rẹ̀ kò lè fún wa. Ẹyin kan ní nǹkan bí 6 gíráàmù purotéènì, yálà páálí tó rẹwà ni wọ́n kó o sí tàbí agbọ̀n lásán.

Síbẹ̀, àwọn tó ń sọ pé oúnjẹ gidi wọ́n kò parọ́ tán. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ló fa àríyànjiyàn. Ní 2012, àwọn olùwádìí nípa ọrọ̀ ajé ní ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀gbìn fi oríṣiríṣi òṣùwọ̀n wo owó oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n pín owó náà sórí kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, èso àti ẹ̀fọ́ wọ́n gan-an, torí kálórì inú wọn kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n pín in sórí gíráàmù, tàbí sórí ìwọ̀n tí èèyàn máa ń bù jẹ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yí padà: ẹ̀fọ́, èso, oúnjẹ oníhóró àti wàrà wá rọjú ju ọ̀pọ̀ oúnjẹ tó kún fún ṣúgà, ọ̀rá tàbí iyọ̀ lọ. Lójú tèmi, òṣùwọ̀n kejì yìí ló bá ìkòkò ìdílé mu jù. Bó bá jẹ́ kálórì nìkan là ń wá, ṣúgà àti òróró ì bá tó wa. Wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, òótọ́ sì ni, ilé tí ebi wà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yó. Ṣùgbọ́n ebi mìíràn wà tí ikùn kì í kéde. Ọmọ lè yó dáadáa, kí èròjà irin má sì tó lára rẹ̀.

Ta ló wá kọ́ wa pé inú ẹran ni gbogbo agbára wà? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì tí òkìkí rẹ̀ kàn, sọ pé purotéènì ni iṣan ara ń jó bó bá ń ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ta omitoro ẹran kan tí wọ́n sè títí tó fi ki bí oyin. Nǹkan bí 30 kílò ẹran ló ń lọ sínú kílò kan ṣoṣo, wọ́n sì ní ó ń fún aláìsàn lókun. Nígbà tí àwọn mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò, adùn ni wọ́n bá níbẹ̀. Purotéènì àti ọ̀rá tó wà nínú ẹran náà kò bá a dé inú ìgò.

Ní 1865, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Adolf Fick àti Johannes Wislicenus, gbéra, wọ́n gun òkè Faulhorn ní Switzerland láti dán ọ̀rọ̀ Liebig wò. Láti ọjọ́ tó ṣáájú, wọn kò fi ẹnu kan oúnjẹ tó ní purotéènì. Kéèkì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, tí wọ́n fi ọ̀rá dín, àti tíì oníṣúgà ni wọ́n jẹ. Wọ́n ń gba ìtọ̀ ara wọn pamọ́ kí wọ́n lè wọn náítírójìn inú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣẹ́kù purotéènì tí ara bá jó ń gbà jáde. Èyí tí wọ́n rí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí ara wọn ṣe lórí òkè yẹn. Sítáàṣì àti ọ̀rá ló gbé wọn gun òkè. Síbẹ̀, Carl Voit, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Munich, ṣì fi lélẹ̀ pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ 118 gíráàmù purotéènì lójúmọ́. Russell Chittenden ti Yunifásítì Yale wá fún àwọn ọmọ ogun àti àwọn eléré ìdárayá ní nǹkan bí ìdajì rẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1904. Okun wọn kò dín kù. Ìwọ̀n purotéènì tí à ń lò fún àgbàlagbà lónìí ni nǹkan bí 0.8 gíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, ìyẹn bí 48 gíráàmù fún ẹni tó wọn 60 kílò.

Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìkòkò kan kaná. Ọbẹ̀ ẹran tí ìyá fi kọ́ ọmọ, èèyàn mẹ́fà ló ń jẹ ẹ́, ìdajì kílò ẹran ló ń gbà. Ẹran tútù ní nǹkan bí 20 gíráàmù purotéènì nínú 100 gíráàmù, nítorí náà 100 gíráàmù ló wà nínú ìkòkò. Ẹ mú ìdajì ẹran náà kúrò, 50 kù. Ẹ wá fi 200 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ tí ẹ ti rẹ mọ́jú sí i. Ẹ̀wà gbígbẹ ní nǹkan bí 22 gíráàmù nínú 100, èyí tó jẹ́ 44. Àpapọ̀ rẹ̀ di 94. Ohun tó dín kò ju 6 gíráàmù lọ nínú àwo èèyàn mẹ́fà! Ẹ̀wà náà á sì wú ju ìlọ́po méjì lọ bó bá jinná, ọbẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì ní fáíbà, ohun inú ewéko tí kì í dà nínú ikùn, èyí tí kò sí nínú ẹran rárá. Èwo nínú méjèèjì ni ọbẹ̀ tálákà?

Àríwísí kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun ni pé ọbẹ̀ náà lè má dùn mọ́. Iṣẹ́ méjì ni ẹran ń ṣe nínú ìkòkò: ó ń bọ́ ara, ó sì ń mú ọbẹ̀ dùn. Ẹ̀wà lè gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe. Ìkejì ló ń fẹ́ ọgbọ́n. Ẹ gé ẹran tó kù náà wẹ́wẹ́, ẹ nu omi ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ sì dín in díẹ̀díẹ̀ nínú òróró tó gbóná. Bó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, omi á jáde lára rẹ̀, bíbọ̀ ló máa bọ̀, kò ní dín. Ẹ má kánjú yí i, ẹ jẹ́ kó pọ́n títí ìdí ìkòkò á fi ní èérún tó dúdú díẹ̀, tó ń ta sánsán. Ẹ kó ẹran jáde, ẹ da àlùbọ́sà àti tòmátì inú agolo sí i, ẹ dín in títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣú, kí ẹ tó bu omi díẹ̀ sí i láti fi ha ìdí ìkòkò. Èérún yẹn ni adùn tí gbogbo ilé ń pè ní adùn ẹran. Ẹran kékeré tí a dín dáadáa ń mú un wá ju ẹran púpọ̀ tí a kàn bọ̀ lọ. Òróró náà, ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, ẹ má kàn dà á láti inú ìgò. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan ní nǹkan bí 120 kálórì, owó sì ni.

Tòmátì tó wà níbẹ̀ tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Èròjà irin inú ẹ̀wà kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran, ṣùgbọ́n fítámì C inú tòmátì, ata tàbí ọsàn ń ràn án lọ́wọ́. Tíì àti kọfí ń dí i lọ́nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oúnjẹ lọ tán kí ẹ tó mu wọ́n. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú purotéènì ẹ̀wà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì ní in, kò sì pọn dandan kí àwo kan náà gba àwọn méjèèjì, bí a bá ṣáà ti jẹ wọ́n láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹ̀wà pupa ńlá tó dà bíi kíndìnrín ní májèlé bí kò bá jinná. Ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù, ẹ fi omi mìíràn sè é, kó sì hó kùtùkùtù fún 30 ìṣẹ́jú kí ẹ tó dín iná kù. Àwọn ìkòkò oníná mànàmáná tó rọra ń se oúnjẹ fún wákàtí púpọ̀ lè má gbóná tó láti pa májèlé náà.

Àṣìṣe kan wà ní òdìkejì. Ní àwọn ọdún 1890, Wilbur Atwater, onímọ̀ kẹ́míkà ní Amẹ́ríkà, ṣírò iye purotéènì àti agbára tí owó kan náà lè rà, ó sì rọ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n yé ra ẹran olówó gọbọi. Ibẹ̀ ló ti ṣe wá lóore. Àmọ́ nínú ìṣirò rẹ̀, ìfowóṣòfò ni ẹ̀fọ́ jọ, torí omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ fítámì nígbà náà. 1912 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Casimir Funk, tó sọ ọ́ lórúkọ. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀fọ́ ṣe ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa yọ. Ẹ̀fọ́ inú fìrísà kò kéré sí tútù, torí wọ́n ti dì í kété tí wọ́n kórè rẹ̀, nígbà tí fítámì C inú ẹ̀fọ́ tútù ń ṣá lójoojúmọ́ lórí tábìlì. Ẹ̀wà inú agolo náà dára. Ẹ ṣáà fi omi ṣàn án kí iyọ̀ ara rẹ̀ dín kù, torí Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju 5 gíráàmù lọ lójúmọ́.

Ó ku ibi tí kò yẹ kí a ti fi oúnjẹ ẹran ṣeré. Fítámì B12 kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló ní in, bí kò bá ṣe oúnjẹ tí wọ́n fi kún. Ilé tó bá yọ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wá a níbòmíràn. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹ̀dọ̀ lemọ́lemọ́, torí fítámì A tó pọ̀ jù lè ṣèpalára fún ọmọ inú. Ní ti ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 23, ìlànà WHO ti 2023 ní kó máa jẹ nǹkan bí ẹyin, ẹja tàbí ẹran lójoojúmọ́, torí ikùn rẹ̀ kéré, ohun tí ara rẹ̀ ń bèèrè sì pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ti dín ẹran ìkòkò kù sí ìdajì, kí ẹ tó bu ti àwa àgbà, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ọmọ yẹn sọ́tọ̀, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ gún un, kí ó lè rí i jẹ.