Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Ọkọ̀ Rẹ̀ Dẹnu Kọlẹ̀

Bí ẹ bá gbọ́ tí àgbàlagbà pa á lówe pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú ló sábà ń fi bá wí. Ìyàwó tuntun tó fẹ́ tún ìdílé ọkọ tò lọ́sẹ̀ tó dé, tàbí ọ̀gá tí wọ́n gbé wá láti ìlú mìíràn tó ń kọ́ ọlọ́jà bí wọ́n ṣe ń pàtẹ. Wọ́n á ní kó rọra, kó jẹ́ kí onílé fọ̀nà hàn án. Ìlò yẹn kò burú, àmọ́ lójú tèmi, ìdajì òwe náà là ń lò. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ojú àlejò kò ríran, ta ni kó wá bá a ríran? Onílé ni. Ẹrù òwe yìí wà lórí onílé ju orí àlejò lọ, kò sì síbi tí èyí ti hàn tó ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí ọkọ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ẹnì kankan ní sàkáání.

Àwa ará Òṣogbo kọ́ ló yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tó tẹ ìlú wa dó, àlejò ni wọ́n. Ìpólé ni Lároòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti gbéra, omi ni wọ́n sì ń wá kiri tí wọ́n fi kan odò Ọ̀ṣun. Ìtàn ní wọ́n gé igi létí odò, igi náà wó sínú omi, ni ohùn kan bá ké jáde pé, "Oṣó igbó, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!" Wọ́n lójú o. Igi lojú wọn rí, wọn ò rí ìkòkò. Ọ̀ṣun ìbá lé wọn, ẹjọ́ rẹ̀ ì bá sì tọ́, nítorí ta ní í fọ́ ìkòkò aláró kó tún retí pé kí wọ́n fún òun níbi tí òun máa sùn? Kò lé wọn. Wọ́n ṣí kúrò létí omi lọ sókè díẹ̀, wọ́n sì bá a mulẹ̀. Májẹ̀mú yẹn la ṣì ń ṣọdún rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, tí èrò fi ń wọ́ wá sí igbó Ọ̀ṣun, pàápàá láti 2005 tí UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń bú àlejò ọdún pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo máa ń rán wọn létí pé àwọn baba ńlá wa fọ́ ìkòkò kí wọ́n tó dá ìlú.

Susanne Wenger tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà náà ńkọ́? Ọmọ ilẹ̀ Austria ni, ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Ojú tó gbé wá láti òkè òkun kọ́ ló fi rí igbó Ọ̀ṣun; àwọn àwòrò ló là á lójú. Nígbà tó fi máa kú ní Òṣogbo níbí ní 2009, òun náà ti di onílé tó ń fọ̀nà han àwọn àlejò mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká padà sójú títì. Lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, láàárín Abẹ̀rẹ̀ sí Ògo-Olúwa, mo dúró ti ìyá kan tó ń sun àgbàdo nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń dúró de tèmi lórí iná, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan rọra wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, Èkó ni wọ́n ti ń bọ̀, Ìlá ni wọ́n ń lọ. Èéfín funfun ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó ká ákísà mọ́ ọwọ́, ó fẹ́ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Ìyá alágbàdo ti fò dìde kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Dádì, ẹ má tíì ṣí i o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Ó lè tú sí yín lójú."

Òótọ́ ló sọ. Omi tó hó nínú rédíétọ̀ tí ìdérí há mọ́lẹ̀ máa ń gbóná kọjá omi orí ààrò; bí ìdérí bá ṣí pẹ́nrẹ́n, pùú ni yóò tú sókè, ojú àti àyà ni yóò sì bá. Àwọn mìíràn á tún sáré da omi tútù sórí ẹ́ńjìnnì, irin gbígbóná á sì sán. Ìyá yìí kò kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń jókòó sí, ohun tójú rẹ̀ ti rí níbẹ̀ pọ̀.

Ó rán ọmọ rẹ̀ kan lọ pe mẹkáníìkì lẹ́yìn ilé epo, ó ní kí èkejì lọ gbé píọ̀ wọ́tà wá. Obìnrin inú ọkọ̀ kò sọ̀kalẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Ìyá alágbàdo rí i, kò sì bínú. Ó gbé bẹ́ǹṣì rẹ̀ sún mọ́ títì, síwájú iná, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá jókòó síbi tí gbogbo ayé ti ń rí yín. Ẹ pe ilé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ògo-Olúwa, pé ọ̀dọ̀ ìyá alágbàdo ni ẹ wà." Ìgbà yẹn ni obìnrin náà tó ṣílẹ̀kùn.

Mẹkáníìkì dé, ó tanná sí i. Hóòsì rédíétọ̀ ló bẹ́ létí, ẹ́ńjìnnì ò ní nǹkan kan. Ó gé ibi tó bẹ́ kúrò, ó ti ìyókù wọlé, ó fi kílíìpù dè é le. Kó tó dá iye owó ni ìyá yìí ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ láti ìdí ààrò: "Owó ará ilé ni kó o gbà o! Má gbowó Èkó lọ́wọ́ wọn." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, mẹkáníìkì gan-an rẹ́rìn-ín, ó sì dárúkọ iye tí èmi náà ì bá san.

Kí ni ìyá alágbàdo yìí ná? Yàtọ̀ sí omi, kò ná kọ́bọ̀. Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án, ọ̀pọ̀ wa sì rò pé bí a ṣe ń ṣe àlejò lóore náà nìyẹn, pé ẹni tápò rẹ̀ bá gbẹ kò lè ṣe é. Àmọ́ ojú ni ìyá yìí yá wọn lò. Ó bá wọn rí ìdérí gbígbóná, ó bá wọn rí mẹkáníìkì tó ṣeé fọkàn tán, ó bá wọn rí iye tí iṣẹ́ tó. Ìbẹ̀rù obìnrin yẹn ló tún rí, èyí sì lèmi kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nítorí ayé ti yàtọ̀. Ajínigbé ti ba ojú ọ̀nà jẹ́. Ẹni tó ń kí ọ ní "ẹ kú ewu" lè jẹ́ ewu fúnra rẹ̀. Ìfura loògùn àgbà, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ká pa oore tì. Bí ẹ bá fẹ́ ran ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kọṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má ya bò ó ní ọkùnrin mẹ́ta mẹ́rin. Ẹ jìnnà díẹ̀, ẹ kí i, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń tajà tàbí ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti báàgì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fóònù ilé lójú yín. Bó bá sì ṣe òru ni, tó jẹ́ inú igbó, èmi ò ní dá awakọ̀ tí kò dúró lẹ́bi. Àmọ́ kó má kọjá lọ báyìí náà. Kó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122, tàbí kó sọ fún àwọn ọlọ́pàá tó bá kọ́kọ́ bá níwájú. Ìyẹn náà, ojú ló yá a.

Ẹni tí wọ́n ṣe lóore náà ní tirẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọkùnrin Ìlá yẹn fẹ́ fún ìyá alágbàdo lówó, ìyá náà kọ̀ jálẹ̀, ó ní kó kúkú ra àgbàdo. Ó rà á, ó sì rà á dáadáa. Bó ṣe tọ́ nìyẹn. Mẹkáníìkì ní tirẹ̀, ẹ san owó rẹ̀ pé. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ṣe, ẹ má fi "ẹ bá wa ṣe é nítorí Ọlọ́run" rẹ́ ẹ jẹ. Kí ẹ sì pe àwọn tó ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá ti délé, torí wọ́n á ti máa bára wọn sọ ọ́ pé, "Àwọn èèyàn yẹn á mà ti dé báyìí?"

Ohun kan tó ń bí mi nínú ló kù. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́, a máa ń ya ewé tútù, a máa ń to òkúta sẹ́yìn ọkọ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè yà. Bí ọkọ̀ bá wá ṣiṣẹ́ tán, a ó wa ọkọ̀ lọ, a ó sì fi òkúta sílẹ̀ láàárín títì. Ẹ kó o kúrò kí ẹ tó lọ. Ilẹ̀ á ṣú, ẹnì kan tí kò gba ọ̀nà yẹn rí á máa bọ̀ láti ìhà Gbọ̀ngán, kò sì sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé òkúta wà níwájú.